Irọ́ Kan Péré Níwájú Dókítà

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, èrò sì ti kún iwájú ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkọ̀tún. Rashidat di ìyá rẹ̀ lápá mú, ó ń wá àga tí yóò fi í jókòó sí, kò rí. Bó ṣe gbójú sókè, ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà kò wo ibòmíràn mọ́, òun náà kò sì lè gbé ojú kúrò. Ariwo gbogbo èrò yẹn lọ jìnnà réré létí rẹ̀. Àṣé ọkùnrin náà ti rí i pé ìyá tó dì mú fẹ́ ṣubú. Ó sáré la èrò kọjá, ó sì gbá Wòsílátù mú kó tó kanlẹ̀.

Dókítà Ọláfimíhàn lorúkọ rẹ̀. Ó kó wọn wọ yàrá rẹ̀, àwọn àti Alájì Nàfíù, bàbá Rashidat, tó ń kùn pé ogbó ṣá ni, kí ni wọ́n ń da ara wọn láàmú sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni Wòsílátù. Rashidat ṣàlàyé pé ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti ń rẹ ìyá òun: òtútù ń mú un nínú oòrùn, oúnjẹ kì í wù ú, irun abíyá rẹ̀ ti re tán, bó bá sì dìde lórí àga, òyì á kọ́ ọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni oníkẹ́mísìtì wọn l'Ẹ́gbẹ́dá ń tà fún un.

Dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí ìjókòó, ó tún wọ̀n ọ́n lórí ìdúró. Ó lọ sílẹ̀ gan-an.

"Màmá, nígbà tẹ́ ẹ bí àbígbẹ̀yìn yín, ṣé ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára yín? Ṣé omi ọyàn wá? Nǹkan oṣù yín ńkọ́, ṣé ó padà wá lẹ́yìn náà?"

Wòsílátù wo ọkọ rẹ̀. Nílé ọkọ tirẹ̀, ìyàwó tí ọyàn rẹ̀ bá gbẹ, ẹni tó ti ṣe ohun búburú kan ní kọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ jẹ́wọ́ ni wọ́n máa ń kà á sí.

"Kò sí wàhálà kankan o. Ọmọ mu ọyàn yó."

"Ẹ̀yin dókítà ayé ìsinsìnyí," Alájì dá sí i, "èèyàn á ní ó ń rẹ òun, ọyàn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn lẹ ó máa béèrè."

Ọláfimíhàn rẹ́rìn-ín, ó sì rọra dá a lóhùn. "Nǹkan kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, bàbá, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Pìtúítárì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń pàṣẹ fún àwọn ẹ̀yà ara tó ń ṣe họ́móònù tó ń fún wa lágbára. Tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ó máa ń jọ ogbó. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ kùtù láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì ya àwòrán orí. Oògùn rẹ̀ wà, èèyàn á kàn máa lò ó lójoojúmọ́ ni."

Ó kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá, ó fà á lé Alájì lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n lọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí ìyá má sì gbààwẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀. Alájì ti lẹ́tà náà bọ àpò jalabíà, ó ní ó di ẹ̀yìn ọdún. Lèmọ́ọ̀mù àdúgbò fúnra rẹ̀ sọ fún wọn pé Ọlọ́run gba aláìsàn láàyè láti jẹun, ṣùgbọ́n Wòsílátù kọ̀. Ó ní tí àwọn ìyàwó ilé bá bi òun léèrè ohun tó ń ṣe òun, kí lòun ó sọ? Rashidat bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u.

Lọ́jọ́ kẹfà ààwẹ̀, láti ìdájí ni Wòsílátù ti ń bì. Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, ara rẹ̀ ti tutù bí omi kànga. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Rashidat, mo purọ́ fún dókítà. Ọjọ́ tí mo bí ẹ, ẹ̀jẹ̀ dà lára mi débi pé mi ò mọ ibi tí mo wà fọ́jọ́ méjì. Omi ò wá lọ́yàn mi rárá. Màmá Hope, ayálégbé wa nígbà yẹn, ló ń fún ẹ lọ́yàn ní kọ̀rọ̀. Nǹkan oṣù mi ò sì padà wá mọ́. Bàbá rẹ jókòó síbẹ̀, ojú tì mí."

Kẹ̀kẹ́ márúwá ni wọ́n fi gbé e dé Ìkọ̀tún. Rashidat sọ ohun tí ìyá rẹ̀ jẹ́wọ́ fún Ọláfimíhàn; dókítà gún ìyá lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wòsílátù kò lajú mọ́. Ilẹ̀ ni dókítà ń wò nígbà tó sọ fún Rashidat pé ká ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, òun ì bá ti dá ìyá rẹ̀ dúró, òun ì bá sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ náà. Ojú tó pàdé tirẹ̀ láàárín èrò kò lè wò ó mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, bó bá ń rẹ ìyá tàbí bàbá yín ṣáá, tí òtútù ń mú wọn, tí òyì ń kọ́ wọn, ẹ má yára pè é ní ogbó. Ẹ gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ rí nígbà ìbímọ, tàbí tó forí gbá nínú jàǹbá, tàbí tí ojú rẹ̀ kò ríran sí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Bí ojú bá ń tì wọ́n níwájú yín, ẹ jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú dókítà. Lẹ́tà tí wọ́n bá sì kọ fún yín, ẹ má tì í bọ àpò, ẹ mú un lọ.

Alájì dìde nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé òkú jáde. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa lẹ́tà náà tó ti rún yọ, ó nà án sí Ọláfimíhàn. Ọwọ́ méjèèjì ni dókítà fi gbà á.