Àgbò Tí Wọ́n Fi Àáké Gé

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àlejò náà kúrò ni Matkerim kọ́kọ́ gbọ́ ìró yẹn: kà, bí ẹ̀ka gbígbẹ tó ṣẹ́. Sayra ọmọ rẹ̀ ló ń fún wàrà abo ẹṣin lọ́wọ́. Ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè, ó ń wò ó. Ìka rẹ̀ kan kò ká mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àlejò ọ̀hún dé, arúgbó kan tó gun òkè wá, síbẹ̀ tí yìnyín kò kan bàtà rẹ̀. Matkerim pa àgbò fún un. Ní ilẹ̀ wọn, a kì í fọ́ eegun ẹran àlejò. Oríkèé ni ọ̀bẹ ń wá, ibi tí eegun ti pàdé eegun, kí gbogbo rẹ̀ lè jáde lódindi. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ti kú, Matkerim sì ń kánjú. Ó fa àáké yọ, ó ní kí Sayra di itan mú.

"Bàbá, ṣé igi ìdáná ni?"

"Dì í mú, aláròyé. Òkú ẹran kì í bẹ̀rù àáké."

Àlejò jẹun. Nígbà tó jẹun tán, ó to àwọn eegun sórí aṣọ, orí sí ọrùn, èjìká sí apá, bí wọ́n ṣe wà nígbà tí àgbò ń rìn. Ó wá kan itan tí àáké gé sí méjì. Ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Matkerim," ló wí jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dárúkọ fún un, "báwo ni èyí yóò ṣe rìn?"

Ó kó eegun sínú ẹ̀wù, ó jáde. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló dé etí odò. Láti ibẹ̀ lọ, ti àgbò ń bá a rìn: ẹsẹ̀ mẹ́ta ń tẹlẹ̀, ìkẹrin ń wọ́.

Láti ìka Sayra, gígan náà bọ́ sí ọrùn-ọwọ́, ó gba ìgunpá. Zuura, ìyá ọmọ, fi ọ̀rá gbígbóná ra á títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Wọ́n lọ gbé ìyá àgbà tó ń to eegun wá. Ó tẹ orúnkún Sayra, ó tún un tẹ̀, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní kò sí èyí tó yẹ̀, kò sí èyí tó dá. Oríkèé gan-an ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Eegun kan ṣoṣo ló ti ìbàdí dé ẹsẹ̀.

Matkerim pa àgbò mìíràn, ó fi ọ̀bẹ mímú gé e ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, ó tò ó síta, ó bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sẹ́ni tó wá. Ajá pàápàá kò fẹnu kàn án.

"Bàbá," ni Sayra wí láti orí ẹní, "ẹ fún mi lómi kí ó tó kan àgbọ̀n."

Ó fún un.

Oríkèé tó lọ nìyí: ọrùn-ọwọ́ méjì, ọrùn-ẹsẹ̀ méjì, orúnkún méjì, ìbàdí, ìgunpá méjì, èjìká méjì, gbogbo ìka, ọrùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgbọ̀n.