Tínńtín, Bútà àti Ọ̀gá-Ààwẹ̀

"Inú ìyá mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀! Ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mo ní mi ò mu ọmú, àfi tí oòrùn bá wọ̀!"

Ta ló ń pariwo báyìí? Ọ̀gá-Ààwẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ yẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà á gbọ́. Tínńtín, àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Tínńtín kéré débi pé tí atẹ́gùn bá fẹ́, èèrà ló máa ń dì í mú!

Lónìí, Tínńtín ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ rèé.

"O ṣì kéré," ni Màámi wí. "Ọlọ́run ò fi ààwẹ̀ ṣe dandan fún ọmọdé. Tí òùngbẹ bá gbẹ ọ́, mu omi."

"Mi ò mu!" ni Tínńtín wí.

Ìdí wà. Bàámi ń bọ̀ lónìí. Ọkọ̀ akẹ́rù ni Bàámi ń wà. Ó ti pẹ́ lọ́nà débi pé àga rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hu irùngbọ̀n!

Bàámi ti sọ ọ́ lórí fóònù: "Ẹni tó bá gba ààwẹ̀ rẹ̀ délẹ̀, òun ló máa jókòó tì mí nígbà ìṣínu."

Lọ́la, Bàámi tún máa lọ.

Oòrùn yọ. Oòrùn mú. Òùngbẹ dé.

Ahọ́n Tínńtín gbẹ bí igi tí wọ́n sá sórí òrùlé. Ẹnu Ọ̀gá-Ààwẹ̀ ńkọ́? Ó ń dán!

"Bọ̀ọ̀dá mi, òùngbẹ ò gbẹ yín ni?"

"Èmi kẹ̀? Òùngbẹ gan-an ló máa ń bẹ̀ mí pé kí n fún òun lómi!"

Ó gbé bútà, ó pọn omi kún un. "Màámi, mò ń lọ ṣe àlùwàlá!"

Ó lọ sẹ́yìn ilé. Kùlù, kùlù, kùlù.

Kò pẹ́, ó tún dé. "Màámi, àlùwàlá mi ti bàjẹ́! Mo fẹ́ ṣe òmíràn!"

Kùlù, kùlù, kùlù.

Màámi ń ránṣọ. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀! "Ẹ wo ọmọ tó fẹ́ràn ìrun! Ààfáà lèyí máa dà."

Tínńtín ń gbá bọ́ọ̀lù alákìísà. Ó sáré. Ó fò. Ó gbàgbé. Ó rí ife omi lórí tábìlì, ó gbé e mu.

Gbì!

"Yéè! Ààwẹ̀ mi!" Ó tu ìyókù dànù. Túù!

Ọ̀gá-Ààwẹ̀ rí i. "Háà-háà! Ó ti fọ́! Ààwẹ̀ ẹ ti fọ́ bí ẹyin! Èmi nìkan ni màá jókòó ti Bàámi. Ìwọ lọ jókòó ti ewúrẹ́!"

Tínńtín wọ abẹ́ tábìlì ìránṣọ. Ó sunkún, sunkún, sunkún. Ẹnu rẹ̀ korò. Ọkàn rẹ̀ korò jù ú lọ.

Lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí.

Ẹsẹ̀ Màámi ń tẹ ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ Ọ̀gá-Ààwẹ̀ jáde tòun ti bútà. Kùlù, kùlù, kùlù. Ẹsẹ̀ padà wọlé.

Eruku bò ó pátápátá!

Tínńtín nu ojú. Nínú àlùwàlá, wọ́n ń fọ ọwọ́, wọ́n ń fọ ojú, ẹsẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn. Àlùwàlá wo ni ẹsẹ̀ ò ti tutù?

Póò! Póò! Bàámi dé!

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Ẹní ti wà nílẹ̀. Dàbínù tí wọ́n máa fi ṣínu ti wà nínú abọ́.

Ọ̀gá-Ààwẹ̀ fò, ó jókòó ti Bàámi. "Ẹ káàbọ̀ sà! Èmi nìkan ni mo gbààwẹ̀ o. Tínńtín ti mu omi!"

"Mo gbàgbé ni, sà," ni Tínńtín wí láti ọ̀ọ́kán.

"O gbàgbé?" Bàámi nawọ́ sí i. "Ẹni tó bá gbàgbé tó mu omi, Ọlọ́run ló fún un mu. Ààwẹ̀ rẹ ò bàjẹ́ rárá. Máa bọ̀."

Tínńtín ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀sán tó fi sunkún! Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bàámi, ẹni tó bá ṣe àlùwàlá, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń léruku?"

Gbogbo ojú wo ẹsẹ̀ Ọ̀gá-Ààwẹ̀.

"Ó... ó tètè gbẹ ni! Ẹsẹ̀ mi gbóná ju ààrò lọ!"

"Eruku yẹn ńkọ́?" ni Màámi bi í. "Ṣé òun náà ń gbààwẹ̀ ni?"

"Ó dáa," ni Bàámi wí. "Ṣe àlùwàlá lójú wa. Fi omi yọ ẹnu, kó o tu ú."

Ọ̀gá-Ààwẹ̀ gbé bútà. Ó fomi sẹ́nu. Gbogbo ojú wà lára ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀fun náà sì ti di aláìgbọ́ràn: gbígbé mì ló ti mọ́ ọn lára.

Kùlù!

Màámi bo ẹnu.

"Omi kọ́ ló dùn mí," ni Bàámi wí. "Ọmọdé lè mu omi. Irọ́ ńkọ́? Àbúrò rẹ tó o mú sunkún ńkọ́?"

Bútà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbàràgàdà! Ọ̀gá-Ààwẹ̀ ki eré mọ́lẹ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, fẹ́ẹ́ẹ́ẹ́!

Tínńtín jókòó ti Bàámi, típẹ́típẹ́.

Lóde, òjìji Ọ̀gá-Ààwẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń kígbe: "Dúró dè mí o! Èmi kọ́ ni mo purọ́!"