Abẹ Tí Kò Dé Gbòǹgbò

"Ẹ ti gbọ́? Onígbàjámọ̀ yẹn... àfín ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn... Wọ́n ní imú rẹ̀... Hà, gbogbo rẹ̀ kẹ̀! Wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé dígí fún un, ńṣe ló bú Ọlọ́run... Ó ní Ọlọ́run ló gé òun... Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ń fò láti ẹnu dé ẹnu ní àdúgbò. Má tíì gbà á gbọ́, ìwọ tó ń ka ìwé yìí. Jókòó ná, kí o gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ẹnu-Abẹ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Àfín ni, oòrùn sì ti bá awọ rẹ̀ jà láti kékeré. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi fi gbẹ lójú rẹ̀. Ó wá kọ́ ọgbọ́n kan: kí ẹnikẹ́ni tó pe òun lórúkọ burúkú, òun á ti kọ́kọ́ pe onítọ̀hún. Ìyá rẹ̀ ra fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ fún un nítorí oòrùn. Ó jù ú sẹ́yìn ilé, ó ní òun kì í ṣe olú tó hù lẹ́yìn òjò.

Ó mọṣẹ́, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Orí tó bá fá, eṣinṣin á yọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìgba orúkọ. Ọkùnrin tí kò rọ́mọ bí di Àgbàdo-Sísun, nítorí èyí tí a bá ti sun kì í hù. Obìnrin tí ọkọ méjì kú mọ́ lórí di Ṣé-Ó-Tún-Kù. Wọ́n á fi ẹ̀rín gbà á níbẹ̀, wọ́n á sì sunkún délé.

Aránbàtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, òun ni Ìdajì-Bàtà. Àwọn méjèèjì ti jọ mutí rí. Ṣùgbọ́n Jésù ti gba Ìdajì-Bàtà lọ́wọ́ ìgò, láti ìgbà náà, bí Ẹnu-Abẹ bá pè é lórúkọ yẹn, "Ọ̀rẹ́ mi, mo ń gbọ́" ni yóò fi dáhùn. Èyí ń bí Ẹnu-Abẹ nínú ju èébú lọ.

Egbò kékeré kan wá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀. Ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Kò dùn ún. Á ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, á sé èépá, èépá á tún ṣí. Dókítà gé e kúrò, ó ní jẹjẹrẹ awọ ara ni, irú èyí tó máa ń rìn jẹ́jẹ́. Ó ní kó máa wá fún àyẹ̀wò, kó sì máa dé fìlà. Kò lọ fún àyẹ̀wò, kò sì dé fìlà.

Egbò náà padà.

Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Láràárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á dúró níwájú dígí, á pọ́n abẹ, á ré orí egbò náà kúrò pẹrẹsẹ. Á fi sípírítì jó o, á lé pọ́dà sí i. Á yí ojú sọ́tùn-ún, á yí i sósì.

"Ó tán," á wí. "Ohun tí abẹ mi bá ti kọjá lórí rẹ̀ kì í hù mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá wọn, ẹ má bínú o. Irun tí ẹ fá lóṣù tó kọjá, ṣé kì í hù? Bí kì í bá hù, kí la ò bá máa jẹ nínú ilé yìí?"

"Áà, n ò mọ̀ pé dókítà ni mo fẹ́ sílé! Dókítà, lọ wo ìkòkò rẹ, ó ń jóná."

Ìdajì-Bàtà náà bá a sọ̀rọ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, bàtà tó ti jẹrà nísàlẹ̀, tí mo bá ń kùn ún lókè, á kàn máa dán ni, ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ á sì kanlẹ̀. Ohun tó ń ṣe imú rẹ ló ń ṣe ọkàn rẹ. Orí lò ń ré. Jésù ló ń hú gbòǹgbò."

Ẹnu-Abẹ rẹ́rìn-ín. "Jésù tí kò rí ẹsẹ̀ rẹ nà, òun ni yóò wo imú mi?"

"Kò na ẹsẹ̀ mi," aránbàtà dáhùn. "Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ náà ń gbà lọ ló yí padà."

Ìkà ọ̀rọ̀ a máa padà wá sílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń fá orí olùkọ́ kan, ni ẹ̀jẹ̀ bá kán sára aṣọ funfun tó ta sí i lọ́rùn. Ó tún kán. Olùkọ́ gbójú sókè wo dígí: pọ́dà ti ṣí, ihò ló wà níbi tí egbò wà. Ó fò dìde ti òun ti àfákù orí, ó bọ́ sí títì.

"Ẹ wá wò ó o! Imú-Ń-Jò rèé!"

Títì rẹ́rìn-ín. Ta ló kọ́ wọn, bí kò ṣe òun? Àgbàdo-Sísun rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Obìnrin tí ọkọ méjì kú mọ́ lórí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fọwọ́ lérán, ó bi í jẹ́jẹ́ pé, "Imú náà ńkọ́? Ṣé ó tún kù?"

Ìdajì-Bàtà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bá a ti ṣọ́ọ̀bù, ó dì í lápá mú, ó ń tiro lọ pẹ̀lú rẹ̀ sí ọsibítù.

Dókítà, obìnrin àgbàlagbà, tan iná sí ojú náà. Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá, ẹ̀ ń gé orí rẹ̀, ó ń rìn lábẹ́. Ó ti dé eegun, ó sì ti ń yọ́ lọ sí ojú yín. A máa gé e, a máa fi ẹ̀rọ wo etí ibi tí a gé. Bí etí náà kò bá mọ́, a tún máa gé e. A ò ní dáwọ́ dúró títí yóò fi mọ́. Imú yóò lọ."

"Dókítà, ẹ gbà mí. Ẹ gé ìwọ̀nba. Ojú oníbàárà ni mo fi ń jẹun, ojú mi ni wọ́n sì ń wò."

"Ìwọ̀nba ló gbé yín dé ibí."

Ó jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá dìde lọ sílé, ikú ni. Ó mọ̀. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ ń yún un láti lọ.

"Kí ló dé tí o ò fi mí rẹ́rìn-ín?" ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ó wù mí. Mo ti lanu. Ni mo bá rántí pé Jésù rí gbogbo ìdọ̀tí mi, kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó kú fún mi ni."

Gbogbo orúkọ tó ti sọ ọmọ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí padà sí etí rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú àwọn tó ni wọ́n. Kò rí ojú kan tó ń rẹ́rìn-ín. Ó sunkún, omijé tó ti gbẹ láti kékeré. Ó ní, "Jésù Olúwa, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Má gé ìwọ̀nba. Dé ìsàlẹ̀."

Wọ́n gé e. Wọ́n wò ó. "Kò tíì mọ́." Wọ́n tún gé e. Imú lọ. "Kò tíì mọ́." Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dókítà padà wá, ó ní, "Ó mọ́."

N kò ní purọ́ fún ọ: imú náà kò hù padà. Dókítà ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá yóò tún nílò ìtànṣán ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ tàbí oògùn lọ́jọ́ iwájú. Oníbàárà rẹ̀ kò padà. Nígbà tó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin tí ọkọ méjì kú mọ́ lórí, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ọkùnrin náà dúró síta, fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí, ó ní, "Ó tọ́ sí mi, ìyá. Ẹ ṣeun."

Ìwọ ńkọ́? Ọtí tí o ní o ti dín kù, irọ́ tí o ń lé pọ́dà sí, ìlara tí o ń ré lórí láràárọ̀ kí o tó jáde: ta lo ń tàn? Lábẹ́ ló ń rìn. Ó ń lọ sí ojú rẹ. Má ṣe wí pé ó di ọ̀la, ọ̀la kò bá ọ ṣe àdéhùn. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, lónìí, kí o sọ fún Jésù pé kí Ó dé ìsàlẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé kiri, aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ló gbọ́ ọ lábọ̀, tó sáré gbé e jáde. Àwọn èèyàn wá bá Ìdajì-Bàtà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ìwọ lo di dígí mú fún un. Kí ló wí gan-an?"

Ó fi bàtà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ní, 'Ọlọ́run ló gé mi, kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi dé ibi tó mọ́. Èmi ni mo ń gé ara mi, tí mo ń dá abẹ dúró níbi tó bá ti fẹ́ dùn mí.'"