Aago Tí Abọ́sẹ̀dé Pọ̀n Wá láti Ìjàn

Ọmọ ni gbogbo ará àdúgbò Adébáyọ̀ rò pé ọmọge náà pọ̀n nígbà tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ìjàn, lọ́dún tó tẹ̀lé ọdún tí wọ́n ṣe àjọ̀dún Fẹ́sítáàkì. Ó fi ọ̀já gbà á dáadáa, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí abiyamọ. Obìnrin kan tó ń kọjá fẹ́ ṣí aṣọ wo ojú ọmọ. Ni ohun tó wà lẹ́yìn ọmọge bá dún gọ̀ọ̀n! Obìnrin náà figbe ta, ó sá wọ ṣọ́ọ̀bù Olúmúyìwá tó ń tún aago ṣe.

Múyìwá gbójú sókè. Ọmọge adúmáadán kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

“Ẹ bá mi sọ̀ ọ́, ẹ rọra o. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí.”

“Ta ni bàbá ọmọ?”

“Bàbá mi ló ni ín.” Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. “Wọ́n ti kú. Láti ìgbà náà ni aago wọn ti ń fà sẹ́yìn lójoojúmọ́.”

Abọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń lu agogo ìjọ Àgùdà ní Ìjàn nígbà ayé rẹ̀, aago ara ògiri yìí ló sì máa ń wò kó tó lù ú.

Múyìwá tú aago náà palẹ̀, ó nù ún, ó fi epo sí i. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò yẹ̀ rárá. Ó gbé e lọ sí Ìjàn fúnra rẹ̀, ó gbé e kọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, aago ti fà sẹ́yìn. Ó tún padà lọ, ó tún un ṣe, pàbó ló já sí. Àbí aago nìkan ló ń gbé e lọ? Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa.

“Bọ̀ọ̀dá Múyìwá,” ni Abọ́sẹ̀dé wí nígbà tó ń sìn ín lọ sójú títì, “tí aago yìí bá wá dára ńkọ́?”

“Kí ni n óò tún máa wá ṣe níbí?”

“Ẹ máa wá tún èmi ṣe. Èmi náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa tí ẹ kò bá wá.”

Ṣùgbọ́n ilé náà ń ba Múyìwá lẹ́rù. Àga kan wà lábẹ́ aago tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí, síbẹ̀ tìmùtìmù rẹ̀ máa ń tẹ̀ wọnú, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni.

Nígbà tó tọrọ Abọ́sẹ̀dé, ìyá ọmọ mi orí.

“Ọmọ aláṣọ funfun ará Ìgèdè ni ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ́ bàtà ṣe ìsìn. Àgùdà ni àwa. Ọkọ mi ló sì lọmọ. Ọjọ́ tí aago rẹ̀ bá rìn déédéé nínú ulé yìí, n óò mọ̀ pé ó ti gbà.”

Abọ́sẹ̀dé sunkún títí. Ọ̀rọ̀ náà ká Múyìwá lára gan-an, nítorí òkú ni wọ́n ní kó lọ bẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó lọ láìsọ tẹ́lẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ti lọ pọnmi. Bí Múyìwá ti dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó ṣàkíyèsí pé aago kò dún. Ìyá Abọ́sẹ̀dé dúró níwájú aago náà, ó ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó di ọmọ aago tó máa ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún mú gírígírí. Ó dijú, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́.

Háà! Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ yìí nìyí! Inú bí Múyìwá. Ó yanu láti sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan wúkọ́.

Orí àga tó ṣófo ni ikọ́ náà ti wá, ikọ́ àgbà ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni Múyìwá gbọ́ tí ẹnì kan ń mí, kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́. Orí rẹ̀ wú. Kò sá. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré pé kí èèyàn ṣe níbi mímọ́ ló ṣe: ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀.

Nígbà tí ìyá lajú, bàtà ló kọ́kọ́ rí.

“Ùwọ náà gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́, Mà.”

Omi bọ́ lójú ìyá. “Tí aago bá dákẹ́ nìkan ni mo ń gbọ́ ọ. O sì tún fẹ́ mú Abọ́sẹ̀dé lọ. Kí ló wá kù fún mi nínú ulé yìí?”

“Ẹ máa di ọmọ aago náà mú, Mà. N kò ní í sọ fún Abọ́sẹ̀dé. N óò dúró títí ẹ ó fi gbà.”

Abọ́sẹ̀dé ti wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú omi lórí. Ó sọ garawa kalẹ̀, ó lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀.

“Màmá mi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń dá ohùn Bàbá gbọ́?”

Ìyá wo bàtà ẹnu ọ̀nà náà títí. Níkẹyìn ó la ọwọ́, ó fìka ti ọmọ aago. Kó, kó, kó.

“Ẹni tó bọ́ bàtà fún ọkọ mi kì í ṣe àjèjì,” ló wí.

Láti ọjọ́ náà, aago kò fà sẹ́yìn mọ́. Lọ́jọ́ ìdána, àwọn Àgùdà jókòó sápá kan, àwọn aláṣọ funfun sápá kejì. Bí ìyá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, aago dákẹ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò Múyìwá. Bí wọ́n ti ṣe àmín tán, ọmọ aago fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fì.

Múyìwá dìde láti lọ tún ọwọ́ aago náà sún síwájú.

“Fi í sílẹ̀,” ni ìyá wí. “Bàbá rẹ ló ń ṣàdúrà fún un yín.”

Bàbá rẹ. Ọ̀rọ̀ náà wọ Múyìwá lákínyẹmí ara. Ó wo àga tó ṣófo náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú, ó bọ́ tirẹ̀ náà, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀.