Orin Tí Wọ́n Fi Ń Lé Ọmọge Jáde

Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde ni Vencel kọ́kọ́ rí Boróka, ọmọge kan lábúlé wa, nínú àká àgbẹ̀ Gyárfás tí wọ́n ti kó koríko kúrò kí àwọn ọ̀dọ́ lè ríbi jó. Àlejò ni Vencel. Kalotaszeg ló ti wá bá wa kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Kalotaszeg, ẹ jẹ́ n sòótọ́, wọ́n ń fi ijó yangàn jù. Lọ́jọ́ náà, ó dá nìkan jó níwájú àwọn onígòjé. Ó ń fò, ó ń fi ọwọ́ gbá ọrùn bàtà rẹ̀ pàá-pàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kanlẹ̀. Àwa ará Mezőség níbí kì í jó báyẹn. Tiwa ni kí ọkùnrin àti obìnrin di ara wọn mú, kí wọ́n máa yí títí òòyì á fi fẹ́ẹ̀ máa kọ́ wọn.

Ọkàn Boróka fà sí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Vencel wá na ọwọ́ sí i, ó fà sẹ́yìn.

"Ó rẹ̀ mí," ló wí.

Irọ́ ni. Kò mọ ijó ìlú wọn, ẹ̀rù sì ń bà á kí òun má lọ ṣubú níwájú gbogbo ayé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Gáspár, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, fà á lọ́wọ́. "Dìde jàre, ṣé oorun lo wá sùn níbí ni?"

Ó dìde, ó bá a jó. Ẹbí ni Gáspár, lójú tirẹ̀ ìyẹn kì í ṣe ijó. Àmọ́ lábúlé wa, ọmọge tó bá kọ ọkùnrin kan kò gbọdọ̀ bá òmíràn jó lọ́jọ́ náà. Làwọn ọmọkùnrin bá pagbo yí Vencel ká.

"Ṣé o rí i? Ó fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ fi í sílẹ̀, kò burú."

"Kò burú kẹ̀? Ní kí wọ́n ta orin tí wọ́n fi ń lé irú ọmọge bẹ́ẹ̀ jáde, kí o lé e! Àbí kò sí ọkùnrin ní Kalotaszeg ni?"

Ojú tì í. Ó pe Boróka.

Háà, inú ọmọ náà dùn! Ó rò pé ó ti dárí ji òun ni. Wọ́n jó ijó Kalotaszeg, wọ́n fò, wọ́n yí, ẹsẹ̀ Boróka kò ṣì rárá.

"Mo ti rò pé ijó yín le ni," ló wí, tó ń rẹ́rìn-ín.

Vencel mi orí sí Bàbá Lajkó, olórí àwọn onígòjé, orin sì yí padà sí ti ṣójà tó ń lọ sójú ogun. Gbogbo wa la mọ ohun tí orin yẹn wà fún. Ó fà á dé ẹnu ọ̀nà, ó tì í síta, àwọn ọmọkùnrin sì hó yèè.

Zsófi, ìyá Boróka, wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò dìde. Ó sorí kọ́, ó ń ká etí ìborùn rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pe Boróka sí ijó mọ́. Ìtìjú ń jẹ ẹ́ débi pé ẹ̀yìn ọgbà ló ń gbà lọ pọnmi. Vencel ń wò ó láti orí òrùlé, ojú sì ń ti òun náà. Ó ti nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ bá Zsófi nílé ìdáná.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mo fẹ́ràn ọmọ yín."

"O fẹ́ràn rẹ̀! Níbo lo ti dójú tì í?"

"Nínú àká, mà."

"Kí lo wá ń wá nílé ìdáná mi?"

Nígbà ijó ìkórè àjàrà, Vencel wọ inú àká, ó lọ tààrà síwájú àwọn onígòjé.

"Bàbá, ẹ bá mi ta orin ṣójà yẹn."

"Ta lo tún fẹ́ lé?"

"Ara mi ni."

Bàbá Lajkó wò ó títí. "Mi ò ta á fún ọkùnrin rí o."

"Ẹ ta á lónìí, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá Lajkó bẹ̀rẹ̀ orin náà, Vencel sì dá gba àárín àká kọjá, orí rẹ̀ wálẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń súfèé, títí ó fi jáde. Boróka wà níta lẹ́bàá ọgbà, níbi táwọn tí ẹnikẹ́ni kò pè máa ń dúró sí wòran.

"Kí ló dé tí o fi ṣe bẹ́ẹ̀? Wọ́n á máa fi ọ́ ṣẹ̀sín títí o fi máa kúrò níbí."

"Ó tọ́ sí mi."

"Gbójú sókè, jàre."

"Ojú ń tì mí, Boróka."

"Èmi náà. Kò rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé mo máa ṣubú."

"O ò ṣubú, olólùfẹ́ mi. Èmi ni mo tì ọ́."

Ó na ọwọ́ sí i bíi ti ìgbà àkọ́kọ́. Boróka gbà á. Wọ́n ń yí nínú ẹrẹ̀ níta, orin ṣójà ṣì ń dún nínú àká.

Àwa tó wà nínú ń rí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Zsófi, tó tún jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn, dìde. Ó gba àárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kọjá, wọ́n sì dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ. Ó gba ẹnu ọ̀nà kan náà jáde, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ó yẹ kí n ti tẹ̀ lé ọ lọ́jọ́ náà," ló wí.