Ohun Tí Sìmbíátù Fi Pa Búrẹ́dì Ìyá Àgbà

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, Sìmbíátù jí, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀, Àdùnní, ń bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi nǹkan kan ẹnu.

Ibà ló ti ń ṣe ìyá àgbà. Ibà náà ti lọ, àmọ́ oúnjẹ ò wù wọ́n mọ́.

Ẹ̀kọ ńkọ́? Rárá.

Àkàrà gbígbóná ńkọ́? Ìyá àgbà kọjú sí ògiri.

Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé Ẹdẹ ni. Ìyàndá, bàbá Sìmbíátù, ti wọ̀ ọ́ lọ sí Ìbàdàn, ó sì ra búrẹ́dì òyìnbó bọ̀.

Ìyá àgbà já díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu títí, kò lọ. Wọ́n ní ó gbẹ bí èèpo igi, kò sì ta lẹ́nu rárá.

Àdùnní mí kanlẹ̀. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó ní kí Sìmbíátù jókòó ti ìyá àgbà kí òun tó ti ọjà dé.

Sìmbíátù wo búrẹ́dì. Ó wo ìyá àgbà. Bó bá gbẹ, kí á fi nǹkan tó kúnná, tó sì ta, pa á nínú. Kí ló le níbẹ̀?

Ó bu ẹ̀pà yíyan sórí ọlọ. Ó fi ata sí i. Ó fi iyọ̀ sí i.

Kùrù, kùrù, kùrù.

Ata fẹ́ sí i nímú. Hàtíṣì.

Ó gbé abọ́ lọ bá ìyá àgbà. Ìyá àgbà fi ìka kan tọ́ ọ wò. Wọ́n lá ìka náà mọ́ féfé.

"Ó kù díẹ̀," ni wọ́n wí.

Sìmbíátù béèrè ohun tó kù. Ìyá àgbà ní àwọn ò mọ̀.

Ọmọdé kì í pòṣé lójú àgbà. Sìmbíátù jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó lọ pòṣé fún ògiri.

Ó padà sídìí ọlọ. Ó bu omi sí i.

Kùrù, kùrù, kùrù.

Ó fi pa búrẹ́dì. Tó, tó, tó. Ó ń kán sórí ẹní. Ó ń kán sára aṣọ rẹ̀. Adìẹ kan sáré wọlé, ó ń ṣa ẹní jẹ. Sìmbíátù lé e jáde.

Ìyá àgbà fi ìka méjì kó èyí tó wà nínú abọ́.

"Ó kù díẹ̀."

Sìmbíátù tún jáde. Òṣé tó pa fún ògiri lọ́tẹ̀ yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó lọ òmíràn. Kò bu omi sí i rárá. Ó ki, ó ki, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí amọ̀.

Ìyá àgbà lá a.

"Ó kù díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà sú Sìmbíátù. Apá ń ro ó. Ojú ń ta á. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní òun ò ṣe mọ́.

Ibẹ̀ ló wà tí obìnrin Fúlàní kan ń kiri wàrà kọjá. Wàrà náà funfun, ó rọ̀ múlọ́múlọ́.

Sìmbíátù dìde. Ó fún obìnrin náà ní ẹ̀pà, obìnrin náà fún un ní wàrà.

Ó da wàrà sórí ẹ̀pà àti ata. Kùrù, kùrù, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò ki mọ́. Kò ṣàn. Ó kúnná, ó ń dán.

Ìyá àgbà tọ́ ọ wò. Wọ́n tún fi ìka kó o. Wọ́n tún kó o.

Sìmbíátù ń wo ẹnu wọn.

"Ó kù díẹ̀," ni ìyá àgbà wí.

Omijé lé ròrò sójú rẹ̀. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló tún kù?"

Ìyá àgbà tẹ abọ́ sí i kó rí i. "Inú abọ́ ni mò ń wí. Ó kù díẹ̀ kó tán."

Lóòótọ́, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lá a tán. Búrẹ́dì sì wà níbẹ̀, ìyá àgbà ò tún fọwọ́ kàn án.

Sìmbíátù ò mọ̀ bóyá kí òun sunkún ni tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Ó yára fi èyí tó kù pa búrẹ́dì, ó pa á dé, ó fi lé wọn lọ́wọ́.

Búrẹ́dì ti rọ̀. Ìyá àgbà jẹ ẹ́, ó sì lọ wọ̀ọ́. Òógùn yọ sí wọn nímú. Wọ́n béèrè omi.

Nígbà tí Àdùnní fi máa ti ọjà dé, ìyá àgbà ti jáde, wọ́n jókòó síta, ìyókù búrẹ́dì wà lọ́wọ́ wọn. Inú rẹ̀ dùn. Ó béèrè ohun tí wọ́n jẹ.

Ìyá àgbà ní àwọn ò tíì jẹ nǹkan kan, àwọn kàn tọ́ ọ wò ni.

Àdùnní rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Inú Sìmbíátù kùn rùùrùù. Àṣé láti àárọ̀, òun náà ò tíì jẹun.

Ìyá àgbà gbọ́ ọ. Wọ́n já búrẹ́dì ọwọ́ wọn sí méjì, wọ́n sì fún un ní èyí tó tóbi jù.