Ìjókòó Henriette

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. N kò bu iyọ̀ sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Anago, ìyẹn àwọn Yorùbá tó ń gbé ní ìlú Bouaké nílẹ̀ Baoulé, ló ti ṣẹlẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, apá ọ̀tún ni ọkùnrin ń jókòó, apá òsì ni ti obìnrin. Díákónì Ọláoyè ló ń fi ìjókòó han èèyàn. Ọmọ Baoulé ni Henriette, ìyàwó rẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá. Lọ́jọ́ kan, ó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fabiola, ẹ jẹ́ n wà níbí, kí ẹ máa túmọ̀ ìwàásù fún mi."

"Àwọn èèyàn ń wò wá. Bọ́ sí apá ọ̀hún."

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó Díákónì, ṣé ẹ ò jọ sùn mọ́jú ni?"

Henriette dìde, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́bàá fèrèsé lápá àwọn obìnrin, ibẹ̀ ló sì wá di ìjókòó rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń lọ sílé ní àdúgbò Kennedy, yóò béèrè pé, "Kí ni pásítọ̀ sọ?" Ọláoyè a ní, "Ó sọ̀rọ̀ ìfẹ́." Ó parí.

Nígbà ọyẹ́, Henriette kú.

Lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ ta-ni-onílẹ̀ ta-ni-àlejò gbóná, ọjà kò sì tà. Àwọn ará ìjọ ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí èèyàn ṣe dín kù, Pásítọ̀ Timothy ní kí wọ́n kó gbogbo bẹ́ǹṣì wá síwájú, kí tọkọtaya máa jókòó pọ̀.

Ó sọ fún Ọláoyè pé, "Bàbá, ó ti yẹ ká ṣe é tipẹ́."

Ọláoyè bá wọn gbé bẹ́ǹṣì, àfi ti Henriette lẹ́bàá fèrèsé. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ǹṣì Henriette ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Eruku ọyẹ́ bo ilẹ̀. Kò sí ipa ẹsẹ̀, kò sí ipa wíwọ́. Ó gbé e padà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún bá a níbẹ̀. Inú àpò rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà.

Ó fi í sílẹ̀. Títí ìwàásù fi parí, ó ń wò bóyá ẹnikẹ́ni ń wo bẹ́ǹṣì náà. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán, ó ṣì jókòó. Gbogbo ilé dákẹ́. Bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dún, bí ìgbà tí ènìyàn bá rọra jókòó. Òórùn òrí tí Henriette fi ń para gba afẹ́fẹ́.

"Bàbá Fabiola." Etí òsì rẹ̀ ni ohùn náà ti dún. "Kí ni pásítọ̀ sọ?"

Ọláoyè lanu. Ó wá ẹsẹ Bíbélì kan nínú orí rẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀ kan péré. Kò rí. Kò gbọ́ ìwàásù náà rárá.

Bẹ́ǹṣì náà tún dún, bí ìgbà tí ẹni tó ń dúró de èsì bá tún ìjókòó ṣe.